Bóòtù Inú Agolo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Sùúrù ṣe fẹ́ Nọ́ọ̀sì, kó má wulẹ̀ bi mí léèrè ohun tó rí lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Kẹ̀kẹ́ ló wò lọ́jọ́ náà, kò wo ọmọ.

Sùúrù kọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ àtúnṣe kẹ̀kẹ́ ló ń ṣe, “ẹ ní sùúrù” ló sì máa ń wí fún gbogbo ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ wá láàárọ̀ tó fẹ́ gbà á lọ́sàn-án. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti parí tí ọ̀nà olókùúta bẹ̀rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni, kẹ̀kẹ́ mẹ́fà ń so rọ̀ lára àjà, òórùn rọ́bà àti gírísì sì ti wọnú ògiri. Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀: ohunkóhun tó bá tú kúrò lára kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́, yóò dì í sínú ọ̀rá, yóò fi lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. “Tiyín ni,” ni yóò wí. “Ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ mọ̀ pé mi ò purọ́ fún yín.” Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jù ú nù kí wọ́n tó dé ìkóríta. Ìyẹn ò kàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, obìnrin kan ti kẹ̀kẹ́ dé, nínú aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì, eruku sì ti bò ó títí dé orúnkún. Kẹ̀kẹ́ òkè ni, tó ní sípíríngì níwájú tó tún ní lẹ́yìn, lára irú èyí tí kò wọ́n, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa yòò kí ojú má baà ráyè wo ohun tó kù.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin ni Sùúrù?”

“Ohun tí wọ́n ń pè mí nìyẹn.”

“Mo fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yìí gbé mi dókè. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mò ń gbé lọ fún àwọn ọmọ tó wà lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ ò lè débẹ̀. Alùpùpù tí wọ́n fún wa ń gbọn ìgò títí ìdajì á fi fọ́.”

Sùúrù ti dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó ń fi ọwọ́ yí pẹ́dà. “Ó tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti ń gùn ún?”

“Mi ò tíì gùn ún. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni.” Ó fọwọ́ kan táyà tó ń yí. “Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Orí ẹ̀ ló kú sí, lórí òkè yìí náà.”

Ìgbà yẹn ni Sùúrù tó gbé ojú sókè. “Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tù yín nínú.”

“Àmín. Wọ́n ní eré àsápajúdé ni. Gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn.” Ó nu eruku ojú rẹ̀. “Mi ò lówó òmíràn. Àwọn ọmọ sì wà lókè.”

“Egungun ẹ̀ dára,” ni Sùúrù wí, ó gbá irin kẹ̀kẹ́ pẹ́pẹ́. “Ẹran ara ẹ̀ ni ò dára. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa pààrọ̀ ẹ̀. Búréèkì la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní sùúrù.”

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán ni Sùúrù tú oríkèé ẹ̀yìn, ibi tí apá tó di táyà ẹ̀yìn mú ti so mọ́ egungun kẹ̀kẹ́, tó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn lè lọ sókè sódò. Ìdajì bóòtù ló kù níbẹ̀. Ó fi òòlù kan án jáde, ó gbé e lọ sójú ìmọ́lẹ̀. Orí rẹ̀ rìbìtì bí olú. Ọrùn rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ẹnì kan sì ti fi fáìlì ha igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó lè wọ ihò róbótó. Irú bóòtù yìí kò bá kẹ̀kẹ́ tan rárá. Òun ni wọ́n fi ń kan ibùsùn. Irin rẹ̀ rọ̀, ojú ibi tó ti kán sì mọ́ gaara.

Eré kọ́ ló pa ẹ̀gbọ́n obìnrin náà, bóòtù yìí ló kán lábẹ́ rẹ̀. Sùúrù jókòó sórí àpótí rẹ̀. Báwo ni èèyàn ṣe ń di irú èyí sínú ọ̀rá fún arábìnrin òkú, tí yóò ní, “Tiyín ni”? Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun yóò kọ́kọ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ ná. Ó fi ojúlówó bóòtù kẹ̀kẹ́ dípò rẹ̀, ó sọ ìdajì tó kán náà sínú agolo mílíìkì kan, ó gbé agolo sórí pẹpẹ tó ga jù. Ìgbà àkọ́kọ́ tó tẹ òfin ara rẹ̀ lójú nìyẹn.

Búréèkì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n yọ onírọ́bà, wọ́n fi aláwo irin sí i. Ọ̀sẹ̀ kẹta, táyà mìíràn, tó ní eyín tó lè bu òkúta jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, sípíríngì iwájú, èyí tí Sùúrù tú lára kẹ̀kẹ́ ọlọ́lá kan tí wọ́n pa tì. Lẹ́yìn ìyẹn, gàárì. Kò sí èyí tó jẹ́ tuntun tán pátápátá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí Sùúrù kò fọ̀, tí kò fi epo sí, tí kò gùn dé ìdajì òkè kó tó gbé e fún Nọ́ọ̀sì. Nígbà tó fi máa tó oṣù kẹta, ó ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta. Bí ọjọ́ bá lọ tí kò gbọ́ ọ, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà! Ó máa ń bá ara rẹ̀ wí, kò sì gbọ́.

Lọ́jọ́ tí sípíríngì ẹ̀yìn dé, Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àpótí, ó ń wo bó ṣe ń tú oríkèé.

“Kí ló tún kù lẹ́yìn èyí?”

“Ó ku ṣéènì.”

“Lẹ́yìn ṣéènì ńkọ́?”

“Pẹ́dà.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Àbí o kàn fẹ́ kí n máa wá síbí lójoojúmọ́ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Sùúrù wí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ kó tó mọ̀.

Ẹ̀rín Nọ́ọ̀sì dá dúró. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ilẹ̀. “Ó dára,” ni ó wí jẹ́jẹ́. “Màá máa wá.” Sùúrù padà sídìí bóòtù, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ni ojú rẹ̀ ń wò bó ṣe ń dì í. Lọ́jọ́ yẹn, Nọ́ọ̀sì gbé àpótí abẹ́rẹ́ dókè, ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ìgò kan kò fọ́.

Ọjọ́ náà ló sọ fún un pé bàbá òun kò mọ̀ pé òun ń gun kẹ̀kẹ́. Màmá ló fún òun ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn, ilé ìwòsàn ni òun sì ń gbé kẹ̀kẹ́ sí. “Káfíńtà ni Bàbá,” ni ó wí. “Òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ kan pósí ẹ̀gbọ́n mi. Látìgbà yẹn, kò dárúkọ ẹ̀ mọ́.”

Káfíńtà. Sùúrù gbé ojú sókè wo agolo lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n káfíńtà pọ̀ láyé, bóòtù ibùsùn náà sì pọ̀. Ó fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, wọ́n wá alárinà. Bàbá Onílẹ́tà ló gbà á. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì. Báyìí, ṣọ́ọ̀bù Sùúrù ló ń fẹ̀yìn tì sí, níbi tó ti ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Ó lọ láàárọ̀, ó dé lọ́sàn-án, ó jókòó, ó bọ́ fìlà.

“Báwo ló ṣe rí, Bàbá?”

“Mo délé wọn. Mo kí i, ó kí mi. Mo jókòó, ó fún mi lómi. Mo dárúkọ rẹ, ó gba ife omi lọ́wọ́ mi.”

“Kò jẹ́ kẹ́ ẹ mu ún tán?”

“Òùngbẹ yẹn ṣì ń gbẹ mí báyìí. Ó ní òun ò ní fọmọ òun fún ẹni tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ gun orí ikú.” Ó fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. “Ṣùgbọ́n a ó tún padà lọ. Lẹ́tà tí wọn ò gbà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìwọ náà á tẹ̀ lé mi.”

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mọ́ tónítóní, kò sí ẹ̀rún igi kan nílẹ̀. Bàbá náà ga, ó tẹ̀ díẹ̀ níbi èjìká. Kò ní kí wọ́n jókòó.

“Ìwọ ni?”

“Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́.”

“Wọ́n wá sọ fún mi lánàá pé ọmọ mi ń gun kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní pupa ni.” Ojú rẹ̀ le. “Kẹ̀kẹ́ pupa wo?”

Bàbá Onílẹ́tà wúkọ́. Sùúrù ní, “Ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ta ló tú u?”

“Èmi ni.”

Ohùn bàbá náà wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. “Kí lo rí nínú ẹ̀?”

Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í béèrè báyìí. Sùúrù yí ojú kúrò, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí tábìlì iṣẹ́. Àtẹ bóòtù kan wà níbẹ̀, orí gbogbo wọn rìbìtì, ọrùn wọn onígun mẹ́rin. Fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ìpẹtà ni, Bàbá,” ni ó wí. “Ìpẹtà nìkan ni mo rí.”

Káfíńtà mí kanlẹ̀. “Ẹ máa lọ. Má padà wá síbí mọ́.”

Nọ́ọ̀sì wá lọ́jọ́ kejì. Bàbá rẹ̀ ti pàṣẹ pé kó dá kẹ̀kẹ́ padà sí yàrá ẹ̀yìn, kó sì jáwọ́ lọ́rọ̀ Sùúrù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. “Ó pariwo mọ́ mi pé ṣé mo fẹ́ kú bíi ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ò mọ̀ ju eré lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sáré, mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ tó mọ kẹ̀kẹ́, wò mí lójú kó o sọ fún mi. Ṣé eré ló pa á?”

Agolo wà lókè orí rẹ̀ gan-an. Sùúrù ronú pé bí òun bá sọ ọ́, òun ti ba bàbá rẹ̀ jẹ́ lójú rẹ̀, òun ẹni tí bàbá náà kọ̀. Ta ni yóò gbà pé kì í ṣe ẹ̀san? “Mi ò sí níbẹ̀,” ni ó dáhùn. Ó rí i pé ìdáhùn náà kò tẹ́ Nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì kẹ̀yìn sí i, ó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, èrò burúkú kan wá jókòó tì í. Bó bá gbé bóòtù náà lọ síwájú bàbá, tó ní, “Ọmọ yín, tàbí kí n sọ̀rọ̀,” bàbá á yọ̀ǹda rẹ̀ kíákíá. Ó rò ó tán, ara rẹ̀ sú u.

“Bàbá,” ni ó wí fún Bàbá Onílẹ́tà, “bí ohun kan bá wà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ pé ilé kan á tú bí a bá sọ ọ́ ńkọ́?”

“Lẹ́tà ni?”

“Ẹ kà á sí lẹ́tà.”

Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín, èyí tó ṣọ̀wọ́n. “Mo gbé lẹ́tà ikú, mo gbé ti ìkọ̀sílẹ̀. Mi ò ṣí ọ̀kan rí. Èyí tí mi ò rẹ́ni gbà á, mi ò sọ ọ́ sígbó, mi ò sì fi í pamọ́ sábẹ́ ibùsùn mi. Mo dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́.”

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, kí káfíńtà tó mú ayùn, Sùúrù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó dá wá.

“Mo ní o ò gbọ́dọ̀ wá síbí mọ́.”

“Mi ò wá tọrọ nǹkan, Bàbá. Mo wá dá nǹkan yín padà ni.”

Ó tú aṣọ kékeré kan sórí tábìlì, ìdajì bóòtù náà wà nínú rẹ̀. Bàbá náà wò ó. Kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sórí pákó.

“O ti sọ fún un?”

“Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Ohun tó o fẹ́ fi ra ọmọ mi nìyí?”

“Bí mo bá fẹ́ fi rà á, ojú alárinà ni ǹ bá ti gbé e yọ. Mo purọ́ fún yín, mo ní ìpẹtà ni. Ọjọ́ tí ọmọ yín kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ wá ni mo ti rí i, mo sì purọ́ fún òun náà. Ẹ gbà á, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá tún bi mí, Bàbá, mi ò ní lè purọ́ mọ́.”

Bàbá náà kò wo ojú Sùúrù. Nígbà tó sọ̀rọ̀, bóòtù ló ń bá sọ ọ́.

“Bóòtù kẹ̀kẹ́ náà gan-an jábọ́ lọ́nà. Ọmọ mi ní ká lọ ra irú ẹ̀ nílùú kejì. Mo ní kí la ń wá lọ, èmi tí mo ní bóòtù kún àtẹ? Mo ní bóòtù ni bóòtù. Odindi ọ̀sán ni mo fi ha ọrùn ẹ̀. Ó bi mí, ó ní, ‘Bàbá, ṣé á dúró?’ Mo ní irú ẹ̀ ló di ibùsùn tí wọ́n bí ẹ sí mú.” Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. “Nígbà tí wọ́n gbé e délé, ẹnì kan láàárín èrò ló ní eré àsápajúdé ni. Mi ò mọ ẹni náà dòní. Mo fara mọ́ ọn. Mo jẹ́ kí òkú bá mi ru ẹrù mi.”

Sùúrù fi bóòtù náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá,” ó sì lọ.

Ọjọ́ kẹta ni Nọ́ọ̀sì dé, ojú rẹ̀ wú.

“Ó ti sọ fún wa. Ó pe èmi àti Màmá, ó gbé e síwájú wa, ó sọ gbogbo ẹ̀. Màmá ò tíì la ẹnu látàná.” Ó gbá ẹnu ilẹ̀kùn mú. “Ó ní ìwọ lo gbé e wá. Ó ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débí lo ti rí i.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Oṣù mẹ́rin. Mo bi ọ́ lójúkojú, o ní o ò sí níbẹ̀.”

“Ẹ̀rù bà mí. Mi ò fẹ́ kó o pàdánù bàbá rẹ nítorí mi. Mi ò sì fẹ́ pàdánù rẹ.”

“Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi tan mí jẹ nílé. Mo rò pé mo ti rí ẹnì kan tí kì í purọ́, ẹni tó ń di ìdọ̀tí irin sínú ọ̀rá fún mi pé kí n wò ó.” Omijé dà lójú rẹ̀, kò nù ún. “O pàdánù mi báyìí.”

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Oṣù méjì gbáko ni Sùúrù fi ń rí i tó ń gun kẹ̀kẹ́ pupa kọjá lọ sókè, àpótí abẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kì í wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò tún dí i lọ́wọ́ mọ́, àwọn èèyàn sì ti ń sọ ọ́ káàkiri pé káfíńtà ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ pé ọmọ òun kò sáré. Ó dun Sùúrù dé egungun. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun, kò mọ adùn kankan. Bàbá Onílẹ́tà pàápàá dẹ́kun àwàdà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò dá, káfíńtà fúnra rẹ̀ dé, àpótí igi kan wà léjìká rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá náà gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Àpótí pẹlẹbẹ ni, oníyàrá mẹ́jọ, igi rẹ̀ ń dán.

“Ìwọ ni mo kàn án fún,” ni ó wí. “Kó o máa kó ohun tó o bá yọ sínú ẹ̀. Mo ti gbà kó o fẹ́ ọmọ mi.”

“Bàbá ti gbà,” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Èmi ò tíì gbà.”

Bàbá Onílẹ́tà na ọrùn. “Àpótí yìí mà dára o, káfíńtà. Ìdérí ẹ̀ dà?”

“Kò ní.” Bàbá náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Èyí tó ní ìdérí tí mo kàn kẹ́yìn, ọmọ mi ló wà nínú ẹ̀, mo sì kan òtítọ́ mọ́ ọn. Mi ò kan ìdérí mọ́.”

Nọ́ọ̀sì tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú ìdajì bóòtù náà jáde, ó gbé e sínú yàrá àkọ́kọ́ nínú àpótí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Sùúrù.

“Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ń dún. Tú u wò.”

Sùúrù mú sípánà. Ó yọ bóòtù oríkèé, ó nù ún, ó yí i lójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ. Sùúrù fara sún mọ́ ihò náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

“Kí ló fà á?” ni Nọ́ọ̀sì béèrè. “Òkúta ni?”

Òkúta pọ̀ lókè. Kò sẹ́ni tó máa já a nírọ́. Ó mọ̀ pé bóun bá sọ ọ́, káfíńtà wà níbẹ̀ tó ń gbọ́, ó sì lè gba ọmọ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀.

“Òkúta kọ́,” ni ó wí. “Èmi ni. Wọ́ṣà ló yẹ kó wà níbí, irin pẹlẹbẹ tó ń wà lábẹ́ orí bóòtù. Mo gbàgbé ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fi sípíríngì ẹ̀yìn sí i. Ojú mi ò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bó bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ì bá ti kán, ìwọ ì bá sì ti wà lórí ẹ̀.”

Ó na bóòtù náà sí i. Káfíńtà ti gbé orí sókè, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú omi.

Nọ́ọ̀sì gba bóòtù náà. Ó gbé e sínú yàrá kejì nínú àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i.

“Mo gbà,” ni ó wí. Ó jókòó sórí àpótí tó máa ń jókòó lé. “Fi wọ́ṣà sí i, kó o ṣe kíá. Àwọn ọmọ ń dúró lókè.”

“Ní sùúrù,” ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.